Bíríkìlà Tí Wọ́n Sin Kó Tó Kú

                                        Yàrá òkè, ilé onílẹ̀kùn búlúù,
                                        Ẹ̀yìn ilé sinimá àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi             ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí o fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí mi nígbà ọdún tuntun? Ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún fíríìjì ṣe ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń wọlé? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí ọ kú àtọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà wà. Ẹ̀yìn ń ro mí, ojú mi ò ríran tó bó ṣe ń ríran nígbà tí mò ń gé fíìmù, ṣùgbọ́n ahọ́n mi ṣì mú bíi ti àtijọ́, kò sì ní pẹ́ tí o ó fi rí i.

O ó ti rí i pé mo fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn "Ọ̀rẹ́ mi" lókè yẹn. O mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ̀wé sí ọ ni mo máa ń kọ ọ́, mi ò tilẹ̀ ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí, ọwọ́ mi kọ̀. Jókòó kí o ka èyí tán, má ṣe jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí o ṣe máa ń ṣe bí mo bá ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ fíìmù.

Wọ́n fẹ́ gbé fíìmù wa jáde padà. Fíìmù bíríkìlà yẹn náà ni, èyí tí èmi, ìwọ àti Ọ̀gá fi ọdún mẹ́rin ṣe nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn ilé ìpamọ́ fíìmù. Wọ́n ti fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀, wọ́n ti tẹ ẹ̀dà tuntun, wọ́n sì ń pè é ní fíìmù mánigbàgbé. Ó yẹ kí n máa jó. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kó sọ fún ayé bí fíìmù wa ṣe dára tó, Kò-wù-mí ni. O ò lè gbàgbé rẹ̀: onílámèyítọ́ tó máa ń fi "kò wù mí" bẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tó bá kọ sínú ìwé ìròyìn, títí tí àwa fi fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni pé nínú róòlù fíìmù méje tó wà nínú agolo méje, wọ́n fẹ́ fi ìkẹfà hàn ṣáájú ìkarùn-ún, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ gbọ́ tèmi. Bí ẹlẹ́rìí kan ò bá yọjú ní Sátidé, ẹ̀dà tó dojú rú yẹn ni gbogbo èèyàn yóò máa pè ní iṣẹ́ Ọ̀gá títí ayé. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló sì kù. Ìwọ ni.

Mo fẹ́ kí o rántí bó ṣe rí. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Òun ló ń ya àwòrán, èmi ni mò ń gé e tí mo sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìwọ lo ń wa ẹ̀rọ nílé sinimá, tí o máa ń bá wa fi ohun tí a bá gé hàn láàárọ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé. Wọ́n ń pè ọ́ ní Ojú Fèrèsé nítorí fèrèsé kékeré tí o máa ń yọjú níbẹ̀ lókè, èmi sì di Àlùmọ́gàjí. Ìtàn tí a sọ kò le rárá. Bíríkìlà kan bá ìyàwó rẹ̀ jà nídìí tíì òwúrọ̀, ó fi búrẹ́dì sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán, ó bínú jáde, pákó tó dúró lé níbi iṣẹ́ sì ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Róòlù karùn-ún nìyẹn. Nínú ìkẹfà, wọ́n sin ín, ìyàwó rẹ̀ padà wálé, ó bá àjẹkù búrẹ́dì yẹn lórí tábìlì. Nínú ìkeje, òun fúnra rẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sìmẹ́ńtì, ó lọ parí ògiri tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè tẹ̀ lé e. Mo gé ibi àjẹkù búrẹ́dì yẹn nígbà mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ tó ń ti tábìlì, kó tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ni a pe àwọn onílámèyítọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Èmi ò sí níbẹ̀, nítorí ọjọ́ tó ṣáájú ni mo bí ọmọbìnrin mi, ilé ìgbẹ̀bí ni mo wà. Ọ̀gá náà ò wọlé. Ìwà rẹ̀ ni, kì í lè jókòó ti àwọn tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú títì títí wọn yóò fi jáde. Ìwọ nìkan lo wà lókè pẹ̀lú ẹ̀rọ, àwọn méje sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì.

Mo ṣì ní ohun tí wọ́n kọ. Mo gé gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn, mo kó o sínú agolo bísíkíìtì, ó sì wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bí Kò-wù-mí ṣe kọ tirẹ̀ nìyí: "Kò wù mí. N kò ní fi ìtàn fíìmù yìí dá ẹ̀yin òǹkàwé lágara, nítorí kò ní ìtàn. Ẹni tó ṣe é ò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Ní ti ẹni tó gé e, ó dà bí ẹni pé ojú oorun ló ti ń gé e." Ojú oorun! Èmi tí mi ò rí oorun sùn fún oṣù méjì! Àwọn yòókù gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ lájẹtúnjẹ. Ọ̀kan ní ọwọ́ ẹni tó gbé kámẹ́rà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Òmíràn ní ohùn kú nínú róòlù kejì nítorí pé aláìbìkítà ni wá. Òmíràn tún kọ ọ́ pé nínú fíìmù yìí, òkú àti alààyè ò yàtọ̀ síra. A rò pé àwọn òṣèré wa ló ń bú. Ọkùnrin tó ṣe bíríkìlà ka ìyẹn, ó sunkún bí ọmọdé, kò sì ṣeré mọ́ láyé rẹ̀.

Ẹ̀dà méjì la tẹ̀, èkejì ni o fi han àwọn èèyàn láti ọjọ́ Ẹtì. Mo gbé ọmọ dání, mo wá wò ó fúnra mi. Gbogbo rẹ̀ tò bó ṣe yẹ, ìkarùn-ún lẹ́yìn ìkẹrin, ìkẹfà lẹ́yìn ìkarùn-ún, obìnrin tó jókòó tì mí sì ń nu ojú nígbà tí àjẹkù búrẹ́dì yẹn yọ. Ṣùgbọ́n a ò ju méjìlá lọ nínú ilé tó gba ọ̀ọ́dúnrún èèyàn. Ta ni yóò jáde nílé rẹ̀ láti wá wo ohun tí gbogbo ìwé ìròyìn ti fi ṣe yẹ̀yẹ́? Lọ́jọ́ kẹfà, onílé sinimá ní kí a wá kó agolo wa kúrò nílẹ̀ fún òun.

O mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ta kámẹ́rà. Ìwọ lo bá a gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo rántí, ó di orí rẹ̀ mú, o di ìdí rẹ̀ mú, o ò sì sọ nǹkan kan. Ogún ọdún ló fi ń ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín." Ohun tó ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn, ọkùnrin tó lè fi àjẹkù búrẹ́dì pa èèyàn lẹ́kún. Nígbà tó wà lórí ibùsùn àìsàn, lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àlùmọ́gàjí, níbo ni mo ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lójú? Sọ òótọ́ fún mi. Gbogbo wọn ò lè fọ́jú." Mo ní kò sí ibì kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nítorí mo fẹ́ràn òun ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló kú. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ò mọ iṣẹ́ òun. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹkún rẹ ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, àwa ni a dì ọ́ mú kí o má bàa ṣubú.

Wọn ò jẹ́ kí ilẹ̀ ibojì rẹ̀ gbẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé ìròyìn kan fi kọ ọ́ pé ó jẹ́ ẹni tí a ò mọyì rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Ta ni "a" yẹn? Èmi mọyì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọyì rẹ̀. Obìnrin tó ń nu ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọyì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọdọọdún gbé e gẹ̀gẹ̀ sí i, tí èmi náà sì ń gé ohun tí wọ́n kọ sínú agolo bísíkíìtì mi. Kámẹ́rà tó ń gbọ̀n yẹn, wọ́n ní kámẹ́rà tó ń mí ni. Ìwọ àti èmi mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ló kán lára ìdúró kámẹ́rà, tí ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá tó wá ràn wá lọ́wọ́ fi gbé kámẹ́rà lé èjìká, àti pé ibà ń ṣe ẹ̀gbọ́n náà lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn! Ohùn tó kú nínú róòlù kejì, wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ni. Wáyà ló já. A ò ní fíìmù tó kù láti tún un yà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan, jẹ́ kí n sọ èyí kí inú mi fúyẹ́. Fíìmù tó gùn tí wọ́n sùn nínú rẹ̀ títí tí iná fi tàn, jẹ́ kó pé ogún ọdún, wọn á ní ó ní sùúrù. Èyí tó ṣókùnkùn nítorí iná ò tó, wọn á ní òjìji inú rẹ̀ jinlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nígbà tó jáde, tí wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí àga ìjókòó, béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lónìí, wọn á yínmú sí i, wọn á ní àwọn ò fìgbà kan rí nǹkan gidi níbẹ̀. Fíìmù wà nínú agolo, kò yí padà. Àwọn ló ń yí padà bí ẹni tó sùn lórí ibùsùn tó gbóná, síbẹ̀ mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó kọ ọ́ pé, "Mo ṣì í wò, ẹ dárí jì mí." Ó máa ń dà bí ẹni pé ìyá ẹlòmíràn ló bí ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìwé ìpè dé ọwọ́ mi, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń dán. Kò-wù-mí ló kọ ojú ewé mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni fíìmù yìí ti gbà mí lọ́kàn." Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mo ń kà á lọ, mo ń rẹ́rìn-ín ìbínú, títí mo fi dé ojú ewé kẹta. O mọ̀ pé bí wọ́n bá kórìíra fíìmù, wọn kì í sọ ìtàn rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ títí. Ìdí nìyẹn tó fi gba ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó mọ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Wọ́n ti sin ọkùnrin yìí. Opó ti bá àjẹkù búrẹ́dì lórí tábìlì. Nígbà náà ni òkú wọlé, ó jókòó sídìí tíì, ó sì jẹun. Ọkàn opó ló pè é padà! Ta ló tún láyà láti ya irú rẹ̀?"

Mo pariwo "Irọ́!" tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin mi fi sáré jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Wọ́n sin ín, ó jẹun, ó tún lọ kú lẹ́ẹ̀kejì! Àṣé ohun tí àwọn méje yẹn rí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Àṣé òkú àti alààyè ò yàtọ̀ síra lóòótọ́. Mo jókòó sórí àga, mo tún ojú ewé náà kà láti òkè.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ilé ìpamọ́ fíìmù. Ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn kan tó tutù ni, gbogbo rẹ̀ ń rùn bí ọtí kíkan, bí fíìmù àtijọ́ ṣe máa ń rùn. Ọmọbìnrin tó tún fíìmù wa ṣe jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́, ó fi àga fún mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀dà méjì ló dé ọwọ́ wa. Èyí tí wọ́n fi han àwọn èèyàn ti jẹrà, kò ṣeé wò mọ́. Èyí tí wọ́n fi han àwọn onílámèyítọ́ ló dára, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Nọ́ńbà tó wà lórí ìdérí agolo ni mo tẹ̀ lé." Mo ní kí ó jẹ́ kí n rí orí róòlù kọ̀ọ̀kan, ibi tí kò sí àwòrán. Ó ti gé wọn kúrò, ṣùgbọ́n ó tọ́jú wọn sínú páálí kan. O mọ̀ pé mo máa ń fi abẹ́rẹ́ ya ìlà síbẹ̀ kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìlà kan fún àkọ́kọ́, méjì fún èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkeje. Mo gbé èyí tó gé kúrò lára róòlù agolo kẹfà sókè síbi iná. Mo ka ìlà márùn-ún. Mo gbé ti agolo karùn-ún. Mo ka mẹ́fà.

Ibi tí mo ti ń kà á lọ́wọ́ ni Kò-wù-mí wọlé, nítorí òun ni olùdámọ̀ràn wọn. Ó ti di arúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Mo fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí irun funfun rẹ̀, kì í ṣe nítorí ìwà rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màdáàmù. Ẹ rí bí ayé ṣe wá mọyì iṣẹ́ wa?"

Iṣẹ́ wa! Mi ò gba ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti gbé róòlù méjì sípò ara wọn, sà. Ẹ wá ka ìlà yìí."

Kò tilẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ó ní, "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Màdáàmù. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Báyìí ni mo ṣe rí i."

"Báyìí lẹ ṣe rí i, ẹ sì kọ ọ́ pé kò ní ìtàn, pé ojú oorun ni mo ti gé e!"

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"Ẹ ti pé ogójì ọdún, sà."

Ọmọbìnrin yẹn fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò-wù-mí jókòó, ó gbé ọ̀pá lé orúnkún, ó wá sọ ohun tí mi ò ní gbàgbé. Ó ní, "Ká tiẹ̀ ní àṣìṣe ni. Àṣìṣe yẹn dára ju fíìmù yín lọ. Ẹ tò ó padà bó ṣe wà, ó di ìtàn bíríkìlà lásán tó jábọ́ níbi iṣẹ́." Ọdún mẹ́rin ayé mi, ogún ọdún ayé Ọ̀gá, ó fi gbólóhùn kan nù ún nù. Ó tún ní, "Ta ni yóò sì jẹ́rìí? Ìlà abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni lè ya ìlà. Gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ ti kú tán, ó ku èmi."

Mo ní, "Ẹ gbàgbé ẹni tó wà lókè."

Wàyí o, Ojú Fèrèsé, ó ti kan ìwọ. Ohun kan tún wà lórí róòlù yẹn tí mi ò fi han Kò-wù-mí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà márùn-ún tí mo fi abẹ́rẹ́ yà, ẹnì kan fi pẹ́ńsù alábẹ́là pupa, irú tó ń kọ bí àbẹ́là sára fíìmù, kọ nọ́ńbà márùn-ún, ó sì fi òbíríkítí yí i po. Lórí èkejì, ó kọ mẹ́fà, ó fi òbíríkítí yí i po. Ta ló ń lo pẹ́ńsù alábẹ́là pupa láàárín wa? Ta ló ń kọ márùn-ún bí ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé aṣọ kọ́? Mo ti fi àwòrán rẹ̀ sínú àpòòwé yìí, wò ó dáadáa, kí o má bàa ní ojú mi ló ń ṣe mí.

Mo wá rántí ohun kan tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo bímọ, o wá kí mi nílé ìgbẹ̀bí. O gbé ọmọ mi mọ́ra, mo sì rí ọ̀dà funfun léèékánná rẹ. Mo ní ṣé o ti di akunlé ni. O ní nọ́ńbà orí àwọn ìdérí agolo ti ń ṣí, o kun tuntun fún àwọn àlejò ọ̀la, o sì tò wọ́n sójú fèrèsé kí wọ́n gbẹ. Ìdérí méje lójú fèrèsé, agolo méje nílẹ̀. O dé méjì sórí ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Èmi náà ti lẹ fíìmù mọ́ra sódì rí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé o mọ̀. O yọjú ní fèrèsé kékeré yẹn, o rí i pé wọ́n ń sin bíríkìlà tó ṣì ní búrẹ́dì láti jẹ. O lè dá ẹ̀rọ dúró. O lè sáré sọ̀kalẹ̀ bá Ọ̀gá lójú títì, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. O jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó parí o mú pẹ́ńsù pupa rẹ, o kọ nọ́ńbà tó tọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i, o dé agolo pa. Bóyá o ń bẹ̀rù kí onílé sinimá má lé ọ, ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún nígbà náà. Ó dáa, mo gba ìyẹn fún ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì ńkọ́? Ọjọ́ tí o bá a gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Ogún ọdún lo fi ń yà sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀, tí ẹ jọ ń mu tíì, tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ bó ṣe béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé kí ló dé tí o fi iṣẹ́ sinimá sílẹ̀ tí o lọ ń tún fíríìjì ṣe, tí o kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ fíìmù sétí. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Inú ń bí mi sí ọ ju bó ṣe ń bí mi sí Kò-wù-mí lọ. Ẹni yẹn ò mọ ohun tó ń wò. Ìwọ mọ̀.

Mi ò kọ̀wé kí n kàn bú ọ. Nígbà tí mo ń jáde, ọmọbìnrin yẹn tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀ borí ọ̀rọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Màmá, bí ẹni tó wa ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà bá wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, mo máa tò ó padà lójú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó lè dá mi dúró." Ẹ̀dà tuntun náà wà lórí tábìlì rẹ̀ nínú agolo méje. Ó ti kọ nọ́ńbà sórí ìdérí márùn-ún. Méjì ṣófo, ó ní òun ń dúró.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, má ka lẹ́tà yìí sí i létí bí o kò bá fẹ́ kó mọ̀. Kí àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ. Ọmọbìnrin mi, tí o gbé mọ́ra pẹ̀lú ọ̀dà léèékánná, kí ọ. Òun ni yóò wá pàdé rẹ ní ibùdókọ̀ ní aago méjì ọjọ́ Sátidé, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí di aago mẹ́ta ààbọ̀. Ìyàwó Ọ̀gá yóò jókòó ní ìlà iwájú. Mo ti ní kí wọ́n fi àga kan sílẹ̀ láàárín èmi àti òun. Bí o bá jókòó sórí rẹ̀, èmi yóò fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ tó kù sínú àlàfo òkè yẹn.

Má mú nǹkan kan wá fún wa. Pẹ́ńsù alábẹ́là pupa kan ti tó. Níwájú Kò-wù-mí, níwájú opó Ọ̀gá, nọ́ńbà méjì péré ni o máa kọ.

Èmi ni, tí mo ṣì lè jẹ́ tìrẹ,

Àlùmọ́gàjí